Norman Petty ti Clovis: Ọkùnrin Tí Kò Ta Wákàtí

Nígbà tí a bá dárúkọ orin kọ́ńtìrì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ńláńlá fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ náà sì ni ètò Grand Ole Opry ti ń ti ẹnu asọ̀rọ̀mágbèsì jáde láti ọdún 1925. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Nashville kì í ṣe ọjà. Ọjà ni, ọjà ńlá sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ọjà tó kún, oko ni ẹrù ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe díẹ̀ nínú àwọn tí Nashville fi ń yangàn ni ó jẹ́ pé ìlú kékeré kan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ bí ohùn tiwọn ti ń dún láti inú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yà sí, èyíinì ni Clovis ní ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Norman Petty dá ilé-ìgbohùnsílẹ̀ sí. Mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ ilé náà ti ń lọ, láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ olórin bá ti kan ilẹ̀kùn títí di ìgbà tí ohùn wọn bá di àwo.

Clovis, ìlú ọkọ̀ ojú irin. Clovis, ìlú màlúù àti àlìkámà, tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yí ká débi pé àlejò tí ń bọ̀ yóò ti rí i láti òkèèrè réré kí ó tó dé ibẹ̀. Ọdún 1906 ni a tẹ̀ ẹ́ dó, nítorí ibùdó tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Santa Fe fẹ́ ṣe sí apá ibẹ̀, kò sì jìnnà rárá sí ẹnubodè Texas. Ẹni tí ó bá gbéra láti Lubbock ní Texas, níbi tí oko òwú ti lọ salalu, yóò rin nǹkan bí ọgọ́rùn-ún máìlì, yóò gba Littlefield àti Muleshoe kọjá kí ó tó wọ Clovis. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí yóò ti Lubbock kan náà lọ sí Nashville ní láti rin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún máìlì. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó ní jìtá lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní owó ọkọ̀ lápò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì.

Kì í ṣe pé orin ṣọ̀wọ́n ní agbègbè náà. Ní ẹ̀bá ìlú Turkey ní Texas ni Bob Wills ti dàgbà, ọ̀gá àwọn tafayolíìnì, ẹni tí ó mú fayolíìnì, tí í ṣe gòjé àwọn òyìnbó, tí ó dà á pọ̀ mọ́ ìlù, fèrè àti jìtá oníná, tí ó fi ṣe orin ijó tí wọ́n ń pè ní western swing, tí gbogbo ìwọ̀ oòrùn Texas àti Oklahoma fi ń jó ní alẹ́ Sátidé. Ní Lubbock, ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì KDAV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1953, a sì máa ń kà á mọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ fi orin kọ́ńtìrì kún gbogbo ọjọ́ láìda nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, KDAV a máa ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ ìlú kí wọ́n wá kọrin fúnra wọn, níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Buddy Holly àti Bob Montgomery, sì ti ń kọ orin kọ́ńtìrì papọ̀ nígbà tí wọn kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó ṣẹ́kù tí wọn kò ní ni ibi tí a lè gba ohùn sílẹ̀ kí ó mọ́ tónítóní. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a lé eṣinṣin. Ọ̀nà Clovis ni ìrànlọ́wọ́ ti àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà wá.

Ọmọ bíbí Clovis ni Norman Petty, ọdún 1927 ni a sì bí i. Dùùrù ni ó ń tẹ̀, Vi ìyàwó rẹ̀ sì ń tẹ píánò. Àwọn méjèèjì àti Jack Vaughn, tí ń ta jìtá, ni wọ́n para pọ̀ di Norman Petty Trio, orin jẹ́jẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń gbádùn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Ní ọdún 1954, orin Duke Ellington tí wọ́n tún ṣe, èyí tí ń jẹ́ “Mood Indigo”, tà dáadáa, èrè orin sì ni Petty fi kọ́ ilé-ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí òpópónà Keje, ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo àwọn òbí rẹ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe nítorí orin kọ́ńtìrì ni ó ṣe kọ́ ọ, kì í sì í ṣe nítorí ariwo àwọn ọ̀dọ́. Nítorí orin tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí ó dára kì í fara sin. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn dé Texas pé ẹnìkan wà ní Clovis tí ó ní ẹ̀rọ gidi, tí etí rẹ̀ sì ṣí. Ní ọdún 1956, Roy Orbison àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti ìwọ̀ oòrùn Texas, wọ́n gba “Ooby Dooby” sílẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni Buddy Knox àti Jimmy Bowen wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Canyon, tí wọ́n gba “Party Doll” sílẹ̀, èyí tí ó dé ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Nísinsìnyí, kí òye iṣẹ́ Petty tó lè yé ni yékéyéké, a ní láti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn. Ní Nashville, aago ni ọba. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn eléré ni pé ìjókòó kan jẹ́ wákàtí mẹ́ta, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀ yóò san owó mìíràn. Nítorí náà, àwọn tí ń sanwó a máa retí orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín wákàtí mẹ́ta náà. N kò bá ìlànà yìí jà, nítorí pé òun ni kò jẹ́ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi iṣẹ́ pa òṣìṣẹ́, àwọn eléré Nashville sì mọ iṣẹ́ wọn dé góńgó débi pé wákàtí mẹ́ta tó wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ ohùn ara rẹ̀ ńkọ́? Buddy Holly lọ sí Nashville ní ọdún 1956 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Decca. Owen Bradley, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ni ó ṣe kòkáárí rẹ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọdún kan ṣoṣo, kò sì sí àwo kan tí ó tà. Nínú àwọn orin tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni “That’ll Be the Day” wà. Ìró orin náà ga ju bí ọ̀fun ọmọkùnrin náà ti fẹ́ lọ, ó sì ń dún bí ẹni tí ń kánjú. Decca fi í sílẹ̀ láìgbé e jáde.

Orin kan náà ni Holly gbé wá sí Clovis ní oṣù Kejì ọdún 1957, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹ ìró rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ṣe é tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, orin náà ti wà ní ipò kìíní. Orúkọ The Crickets ni wọ́n fi gbé e jáde, nítorí pé ìwé àdéhùn Decca kò jẹ́ kí Holly tún orin náà kọ ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹni kan náà, orin kan náà, oṣù díẹ̀ ni ó wà láàárín méjèèjì. Bí a bá béèrè ohun tí ó yí padà, n ó ní àkókò ni.

Ohun tí ó mú Norman Petty yàtọ̀ nìyí: orin ni ó ń díye lé, kò díye lé wákàtí. Iye tí a bá dá fún orin kan ni a óò san, ìbáà gba ìdajì wákàtí, ìbáà gba odindi òru. Ohun kékeré ni eléyìí jọ lójú ẹni tí kò bá tíì dúró níwájú maikirofóònù rí. Ní ayé ìgbà náà, téèpù tí Petty ń lò kò pín ohùn sí ọ̀nà púpọ̀ bíi ti òde òní, tí olórin lè kọ apá tirẹ̀ lónìí kí onílù wá lu tirẹ̀ lọ́la. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ohùn ń bá wọlé. Jìtá, ìlù, béèsì àti ohùn ẹnu yóò bẹ̀rẹ̀ papọ̀, wọn yóò sì parí papọ̀, bí ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo bá sì ṣi okùn, gbogbo wọn ni yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń wo aago yóò fara mọ́ èyí tí ó sàn díẹ̀; ẹni tí kò wo aago yóò dúró de èyí tí ó dára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Òru ni iṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá ní òpópónà lọ́sàn-án, ariwo wọn a sì máa wọ inú maikirofóònù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ní iṣẹ́ òòjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó wọkọ̀. Bí wọ́n bá dé, Petty yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ta ohun tí wọ́n ní, yóò sì máa rìn káàkiri yàrá, yóò máa fi etí ṣọ́ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti dùn jù lọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá gbé maikirofóònù kalẹ̀. Ó ní Telefunken, ẹ̀yà Jámánì tí iyì rẹ̀ kò tíì dínkù títí di òní, ó sì mọ̀ pé bí a bá sún un sẹ́yìn ní ìwọ̀n ọwọ́ kan péré, ohùn yóò yí padà. Yóò padà sí ẹ̀yìn fèrèsé dígí, wọn yóò ta á, yóò tú téèpù padà, gbogbo wọn yóò gbọ́ ọ. Àsìkò ìgbọ́ yìí ni mo kà sí ilé ẹ̀kọ́ gidi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò gbọ́ ohùn ara wọn láti ìta rí; bí wọ́n ti gbọ́ ọ ni wọ́n ń mọ ibi tí ó kù sí, láìsí pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí. Ibùsùn àti ilé ìdáná wà lẹ́yìn ilé, nítorí náà ẹni tí oorun bá mú lè sùn, kí ó tún dìde bẹ̀rẹ̀.

Nípa gbohùngbohùn, ó yẹ kí n tẹsẹ̀ dúró díẹ̀, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá àwo Clovis mọ̀. Yàrá òfìfo kan wà ní òkè ibi tí bàbá Petty ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ní ẹ̀gbẹ́ ilé-ìgbohùnsílẹ̀ náà. Petty gbé sípíkà kan síbẹ̀, ó sì gbé maikirofóònù sí òdì kejì. Bí olórin bá ti ń kọrin nísàlẹ̀, okùn yóò gbé díẹ̀ nínú ohùn náà lọ sókè, sípíkà yóò sọ ọ́ síta, ohùn yóò lu ògiri kan, yóò lu èkejì, kí maikirofóònù tó gbé e padà wá, tí Petty yóò wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ó mọ́ ohùn gidi ní ìwọ̀n tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú “Peggy Sue”, tí wọ́n gbà ní ọdún 1957, ìlù Jerry Allison, onílù The Crickets, ń sáré débi pé ó fẹ́ bo gbogbo ohùn tó kù mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ìlù náà jáde sí yàrá tí àwọn àlejò ti ń jókòó, Petty sì ń ṣí gbohùngbohùn, ó tún ń tì í, bí orin ti ń lọ, títí ìlù fi dà bí ẹni pé ó ń súnmọ́ni tí ó sì tún ń jìnnà síni. Ẹ̀rọ kan kò dá èyí ṣe. Etí àti ọwọ́ ènìyàn ni.

Bí nǹkan kò bá sí, wọn a wá òmíràn dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gba “Party Doll”, páálí lásán ni wọ́n ń lù dípò ìlù, nítorí pé ìlù gidi le jù fún yàrá náà ní ìgbà yẹn. Nínú “Everyday”, Allison kò fọwọ́ kan ìlù rárá. Orúnkún ara rẹ̀ ni ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá, Vi Petty sì ń tẹ selẹ́sítà, dùùrù kékeré tí ohùn rẹ̀ gooro. Fún “Words of Love”, Holly fẹ́ kí ohùn òun bá ohùn òun ṣe ègbè. Petty gba ohùn àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ kan, ó ń tú u jáde bí Holly ti ń kọ èkejì lé e, ẹ̀rọ kejì sì ń gba méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe irú èyí mọ̀ pé bí a ti ń da ohùn láti téèpù kan sí òmíràn ni ariwo abẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì sí àǹfààní láti pa dà tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ó ní láti tọ̀nà kí ó tó kọjá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní rọkẹ́ńróòlù ni gbogbo èyí, kì í ṣe kọ́ńtìrì. Àwọn tí ń kọ ọ́ kò fi ògiri sí àárín méjèèjì. Charlie Phillips, ọmọ agbègbè náà, gba “Sugartime” sílẹ̀ ní Clovis ní ọdún 1957, Holly sì bá a ta jìtá sí i. Àwọn McGuire Sisters tún un kọ, ó sì di orin gbogbo ayé ní ọdún 1958. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958 kan náà ni Holly mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, ọmọ Littlefield tí ń ṣiṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ní Lubbock, Waylon Jennings ni orúkọ rẹ̀. “Jole Blon” ni wọ́n gbà fún un, orin àwọn Cajun ti Louisiana, tí a fi èdè Faransé ibẹ̀ kọ. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà láàárín wọn, etí lásán ni wọ́n fi ń kó ọ̀rọ̀ orin náà láti inú àwo tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, King Curtis, àgbà afunfèrè láti New York, sì wà níbẹ̀ tí ó ń fọn sakisofóònù sí i. Jimmy Bowen di ọ̀gá àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin kọ́ńtìrì ní Nashville ní ìkẹyìn. Bob Montgomery lọ sí Nashville pẹ̀lú, òun ni ó sì kọ “Misty Blue”, tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ dáadáa láti ẹnu Dorothy Moore. Àwa tí àwo Jim Reeves kún ilé wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí a sì gbọ́ bí Démọ́lá Adépọ̀jù ti ń ta jìtá irin àwọn kọ́ńtìrì nínú àwo “Juju Music” ti King Sunny Adé ní ọdún 1982, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé orin kì í dúró sí ojúlé kan.

Gbígba ohùn sílẹ̀ kì í ṣe òpin iṣẹ́. Ẹni tí ó ní téèpù ní Clovis kò tíì ní àwo. A ní láti rí ilé-iṣẹ́ tí yóò tẹ̀ ẹ́, tí yóò pín in, tí yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Petty mọ àwọn ènìyàn ní New York láti ìgbà orin tirẹ̀, òun ni ó ń gbé téèpù lọ bá wọn, òun ni ó ń bá wọn dúnàádúrà. Níbi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń di kíkan. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Nor-Va-Jak, ni ó ń ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tí wọ́n bá gbà níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ a sì máa wà lára àwọn tí ó kọ orin náà. Ó wà lára “That’ll Be the Day”, orin tí a ti gbà ní Nashville kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí “Peggy Sue” jáde, orúkọ Allison àti Petty ni a kọ sí i, a kò kọ ti Holly.

Àwọn kan ti gbèjà rẹ̀ pé àṣà ayé ìgbà náà ni, àti pé ẹni tí kò gba owó wákàtí gbọ́dọ̀ rí èrè rẹ̀ níbìkan. Òtítọ́ wà nínú èkejì. Ṣùgbọ́n èmi kò lè gbà pé kí a fi òru fún ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ kí a sì gba orúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Owó wákàtí a máa tán ní ọjọ́ tí a bá san án, ẹ̀tọ́ orin a máa wà títí olórin yóò fi kú àti lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ì bá ti sàn kí Petty sọ iye tí àkókò òun tó, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀. Ní ìparí ọdún 1958, Holly kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀ràn owó sì wà láàárín wọn tí a kò tíì yanjú. Nítorí pé owó kò sí lọ́wọ́ ni Holly ṣe gbà láti máa ti ìlú dé ìlú kọrin nínú òtútù. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1959, bàálù tí ó wọ̀ já lulẹ̀ nítòsí Clear Lake ní Iowa. Waylon Jennings, tí ń bá a ta béèsì ní ìrìn-àjò náà, ti fi ààyè tirẹ̀ nínú bàálù náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ kò dáwọ́ dúró ní Clovis. Jimmy Gilmer àti àwọn Fireballs gba “Sugar Shack” sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì wà ní ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ọdún 1963. Petty ra ilé sinimá Mesa ní àárín ìlú, ó sì sọ ọ́ di ilé-ìgbohùnsílẹ̀ tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kú ní ọdún 1984. Wọ́n tọ́jú ilé àkọ́kọ́ ti òpópónà Keje pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ bí wọ́n ti wà.

Waylon ní tirẹ̀ dé Nashville, ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ RCA fún ọdún púpọ̀, ó ń kọrin bí wọ́n ti ní kí ó kọ ọ́, ní yàrá tí wọ́n yàn, pẹ̀lú eléré tí wọ́n yàn, lábẹ́ aago tí wọ́n ń wò. Ní ọdún 1972 ni ó bá wọn tún àdéhùn ṣe, kì í sì í ṣe owó nìkan ni ó béèrè: ó fẹ́ kí àwọn eléré tirẹ̀ máa bá òun ṣe é, kí òun sì jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé orin ti tó. Lẹ́yìn náà ó fi yàrá RCA sílẹ̀, ó lọ gba àwo “This Time”, tí ó jáde ní ọdún 1974, sílẹ̀ ní ilé-ìgbohùnsílẹ̀ àwọn olórin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Glaser, níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lè jókòó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orin tí a fi sọ àwo náà lórúkọ ni ó kọ́kọ́ gbé e dé ipò kìíní lórí àtẹ orin kọ́ńtìrì.